Ẹ̀rín Tí A Máa Ń Rín Bí Orogún Bá Náwó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, kí n sì tó kí wọn tán ni wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù o, gbogbo ẹ̀yin ọmọ Arsenal." Kò sí ẹni tó kú. Robin van Persie, balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ẹni tó gbá góòlù 30 nínú líìgì ní sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ni Manchester United fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ Manchester United ni ẹ̀gbọ́n mi láti kékeré, ọmọ Arsenal sì ni èmi, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tí wọn ì bá kọ́kọ́ pè.

Mo fèsì lójú ẹsẹ̀. Mo ní ẹni ọdún 29 ni wọ́n rà, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yẹ̀, mo ní sáà kan péré ló ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi kún un pé, "Ẹ máa wò ó, ẹ̀gbọ́n, ilé ìwòsàn lẹ rà á fún." (Ìṣòro tó wà nínú kí àbúrò máa fi ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé "ẹ" náà ni yóò máa fi bú wọn, ọ̀rọ̀ èébú náà á sì fẹ́ dà bí àdúrà.) Ohun tí n kò sọ ni pé àyà mi ti já kí wọ́n tó sọ gbólóhùn kejì. Mo mọ ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe, nítorí pé iwájú mi ló ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́jọ.

Àyà mi kò purọ́ fún mi. Van Persie gbá góòlù 26 nínú líìgì ní sáà náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2013, ó gbá mẹ́ta sáwọ̀n Aston Villa ní alẹ́ kan ṣoṣo, Manchester United sì di olúborí líìgì fún ìgbà ogún. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà 20 ló wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sí pápá wa, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal fi tò sí ọ̀tún àti òsì láti pàtẹ́wọ́ fún wọn bí wọ́n ti ń wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń yẹ́ olúborí sí. Nígbà tí van Persie gbá pẹnárítì wọlé sáwọ̀n wa bí ìdajì àkọ́kọ́ ti ń lọ sópin, mo dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀mì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà já sí, 1-1, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sí ohun tí ń ti ẹnu wa jáde bí ẹgbẹ́ orogún bá ra ẹni ńlá. Bí ẹni náà bá ti lé ní ọdún 28, a ó ní ó ti gbó. Bí kò bá tíì pé 21, a ó ní ọmọdé ni, wọn yóò ba ayé rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá gbá góòlù púpọ̀, a ó ní pẹnárítì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ líìgì Netherlands tàbí ti Potogí ló ti wá, a ó ní kò tíì bá ọkùnrin pàdé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti gba ife ẹ̀yẹ níbi gbogbo tó ti dé, a ó ní ebi ife kò pa á mọ́, owó ló ń bá kiri. Ẹni tó bá ń gbọ́ wa yóò rò pé kò sí agbábọ́ọ̀lù kan láyé tó tó rà, àfi bí ẹgbẹ́ tiwa bá rà á ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí àwọn ẹ̀sùn yìí kan náà yóò wá di oríkì rẹ̀: ẹni tó gbó di onírìírí, ọmọdé di ẹni ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí a kì í sọ nǹkan kan rárá ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Bí orogún bá ra aṣọ́lé kejì tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí sáà yóò fi parí, ta ni ń pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù? Bí wọ́n bá ra adìlémú kan tí a mọ̀ dájú pé kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, a kì í pariwo. A máa ń rọra gbàdúrà kí ó pẹ́ níbẹ̀ ni. Ẹni tí a kò bẹ̀rù kì í gba àkókò wa. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ń ṣàlàyé láti òwúrọ̀ dalẹ́ ìdí tí agbábọ́ọ̀lù kan kò fi ní ṣe dáadáa, mo mọ̀ pé ọkàn wọn kò balẹ̀. Àwọn àgbà tó ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ra van Persie, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn.

Owó ni a kọ́kọ́ máa ń dì mú, owó tí kì í ṣe tiwa, tí wọn kò sì ní kí a dá kọ́bọ̀ kan sí. Ẹjọ́ yìí ti pẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1905 ni Middlesbrough fi 1,000 pọ́n-ùn ra Alf Common lọ́wọ́ Sunderland, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan yóò san iye bẹ́ẹ̀ lórí agbábọ́ọ̀lù kan, ariwo sì ta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé nǹkan ti bàjẹ́. Alámùúlétì tí kì í fojú ire wo ara wọn ni ẹgbẹ́ méjèèjì. Middlesbrough ń bẹ̀rù kí wọ́n má já sí ìpele kejì, ó sì ti ń lọ sí ọdún méjì tí wọn kò ti borí ẹnikẹ́ni níta ilé wọn. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Common gbá fún wọn, ní ilé Sheffield United, pẹnárítì rẹ̀ ló fún wọn ní 1-0. Wọn kò já. Mo máa ń ronú nípa ọmọ Sunderland kan tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn sọ pé òmùgọ̀ nìkan ló lè náwó bẹ́ẹ̀. Kò sí fóònù nílé rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Middlesbrough tí yóò wá a wá sílé.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1979, nígbà tí Nottingham Forest ra Trevor Francis lọ́wọ́ Birmingham City, tí owó agbábọ́ọ̀lù fi wọ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún náà, orí ni Francis fi kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Malmö ní ìlú Munich, góòlù kan ṣoṣo náà ló sì gbé ife Yúróòpù fún Forest.

Mo mọ̀ pé àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí jẹ́ ẹni tó dojú ti ẹlẹ́rìn-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, èmi náà ti rẹ́rìn-ín tó bá ojú mu rí. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, Chelsea san mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn fún Liverpool lórí Fernando Torres. Àwọn ọmọ Liverpool kan dáná sun aṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa yòókù kò dáná sun nǹkan kan, a kàn dúró. Góòlù kan ṣoṣo ni Torres gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 tí ó gbá fún wọn títí sáà náà fi parí. Ní oṣù kẹsàn-án, ní Old Trafford, pápá Manchester United, ó ré aṣọ́lé kọjá, àwọ̀n ṣófo níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, ó sì gbá bọ́ọ̀lù síta. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ọjọ́ yẹn a kì í ṣe ọ̀tá; a jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, wọ́n sì ní kí n dákẹ́ kí àwọn tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá di oṣù kẹrin ọdún 2012, ní Camp Nou, pápá Barcelona. Chelsea ti ku ènìyàn mẹ́wàá nítorí pé wọ́n ti lé John Terry jáde, Barcelona ti gbá méjì sáwọ̀n, gbogbo wọn sì ti rọ́ síwájú láti wá ẹyọ kan sí i. Bọ́ọ̀lù já sẹ́sẹ̀ Torres ní àárín pápá, òun nìkan, kò sí adìlémú kankan lẹ́yìn. Ó sáré gbogbo ìdajì pápá yẹn, ó ré Víctor Valdés, aṣọ́lé wọn, kọjá, ó sì rọra tì í wọlé. Àwọ̀n ṣófo ni ìyẹn náà. Nínú oṣù karùn-ún, ní àṣekágbá ní Munich, kọ́nà tí Didier Drogba fi orí kàn wọlé tí Chelsea fi bá Bayern dọ́gba, Torres ló jà á gbà. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi fi ọkùnrin yìí ṣe ẹlẹ́yà, lóòótọ́ sì ni pé owó rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí tó fi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò èrè tí mo rí nínú ẹ̀rín náà, n kò rí àmì kan ṣoṣo tí ó fi kún ti Arsenal lórí tábìlì.

Ti ẹni tó ti ọwọ́ rẹ lọ tún yàtọ̀. Nígbà tí Real Madrid san owó ìtúsílẹ̀ tí ó wà nínú àdéhùn Luís Figo ní ọdún 2000, Barcelona kò ní agbára láti kọ̀ ọ́, ìbínú náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ju orí ẹlẹ́dẹ̀ sí pápá lọ́jọ́ tó padà wá gbá bọ́ọ̀lù ní Camp Nou ní oṣù kọkànlá ọdún 2002. Gonzalo Higuaín gbá góòlù 36 fún Napoli nínú líìgì Ítálì ní sáà kan ṣoṣo, Juventus san mílíọ̀nù 90 Yúrò, kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ tí ó fi gbá góòlù tó na Napoli. Kò yọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kàn gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. N kò mọ èyí tó dunni jù nínú kí ó yọ̀ àti kí ó má yọ̀.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ìṣirò ti wọ inú ẹ̀rín wa. Gbogbo wa ti di akọ̀wé owó. A ti mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra ènìyàn ní mílíọ̀nù 100 tí ó sì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 20 ni wọn yóò máa kọ sínú ìwé wọn lọ́dọọdún, àti pé bí àdéhùn bá ṣe gùn tó ni èyí tí wọ́n ń kọ yóò ṣe kéré tó. Ọgbọ́n yìí ni Chelsea lò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 nígbà tí wọ́n fún Mykhailo Mudryk ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àbọ̀, ọmọ Ukraine tí gbogbo àwa ọmọ Arsenal ti ń pè ní tiwa kó tó dé. Mílíọ̀nù 70 Yúrò ni wọ́n san, pẹ̀lú ọgbọ̀n tí ó lè tẹ̀ lé e. Ó bí mi nínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta mo ti di ọ̀mọ̀ràn owó: mo ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọkùnrin náà kò tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni a ra Leandro Trossard ní owó tó kéré púpọ̀ sí ìyẹn, Mudryk kò sì gbá góòlù kankan nínú líìgì títí sáà fi parí. Nígbà tí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, tí Premier League, líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì tẹ̀ lé wọn ní òpin ọdún náà, pinnu pé kò ní ju ọdún márùn-ún lọ tí a lè pín owó ìrà sí nínú ìwé, inú mi dùn bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè pé ta ni mo pè lẹ́jọ́.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Arsenal fi mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn ra Nicolas Pépé lọ́wọ́ Lille, a kò sì ná iye bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ọjọ́ ayọ̀ mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi pè, wọ́n sì rọra ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láti ọdún 2012 padà sí mi létí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan: pẹnárítì, líìgì tí kò le, sáà kan péré. Wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ni! Nígbà tó di ọdún 2023 tí a fopin sí àdéhùn Pépé láìgba owó kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ju, "Àbúrò, mílíọ̀nù 72 ti rìnrìn àjò" lọ. Èmi náà ti rí tiwọn nígbà náà, nítorí pé Manchester United ti gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 95 Yúrò fún Ajax lórí Antony ní ọdún 2022, n kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn.

Nínú ọ̀rọ̀ Pépé ni mo ti rí ohun kan tí n kò rí nígbà tí mo ń fi Antony ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọkùnrin náà kọ́ ló dá iye owó lé ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń tà fẹ́ gbà á tán, aṣojú fẹ́ gba tirẹ̀, àwọn tó ń rà ń bẹ̀rù kí sáà má bẹ̀rẹ̀ bá wọn lọ́wọ́ òfo, ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ sílẹ̀ títí tó fi lọ. Pépé gbá fírí-kíìkì méjì wọlé fún wa nínú ìdíje Europa League lálẹ́ ọjọ́ kan tí Vitória ti ń nà wá lọ, òun ló sì gbé bọ́ọ̀lù fún Aubameyang tó fi gbá góòlù kejì nínú àṣekágbá FA Cup ọdún 2020. Bí a bá rà á ní mílíọ̀nù 15, orin ni à bá máa kọ fún un. Iye owó ni kò jẹ́ kí a rí i, àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ìyọ́nú mi pẹ́ kó tó dé.

Wọn kò rí ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ lórí Declan Rice. Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ni nígbà tí a rà á ní ọdún 2023, márùn-ún lè kún un, wọ́n sì ní adènà àárín pápá ni, pé ta ni í ra adènà ní iye bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2025, ó gbá fírí-kíìkì méjì sáwọ̀n Real Madrid ní alẹ́ kan náà, a sì nà wọ́n 3-0. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù wọn ń dún, wọn kò gbé e.

Nígbà tó di ọdún 2025 yẹn kan náà, Liverpool tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ṣí àpò wọn bí ẹni tí kò ní lò ó mọ́. Wọ́n san mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn lórí Florian Wirtz, mẹ́rìndínlógún lè gorí rẹ̀; ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n tún san mílíọ̀nù 125 fún Newcastle lórí Alexander Isak, iye tí ẹgbẹ́ kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò san rí. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni Manchester United parí sí ní sáà tó kọjá, àwa wà ní ipò kejì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ẹnì kejì ṣe ẹlẹ́yà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o ti gbọ́?" Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n ní mílíọ̀nù 125 lórí ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní itan rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó máa dùn ún. Wọ́n ní Liverpool kò ní rí ẹni tí yóò máa dìlẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn. Mo ṣe ìṣirò ọdún mélòó tí wọn yóò fi pín in sínú ìwé, wọ́n sì ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ mú kálámù. A rẹ́rìn-ín bí a ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí Torres gbá bọ́ọ̀lù síta níwájú àwọ̀n òfìfo.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà tán. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó gbá góòlù 23 nínú líìgì ní sáà tó kọjá, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì rán wọn létí pé ó gbá ọ̀kan sáwọ̀n Liverpool fúnra wọn nínú àṣekágbá ife líìgì. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n bó bá lọ ṣe dáadáa ńkọ́?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ, àwọn náà kò sì tún béèrè. A wà lórí ìlà báyẹn fún ìgbà díẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n ní kí n bá wọn kí àwọn ọmọ, wọ́n sì pa fóònù.